Ta Ló Ń Dá Owó Ìpè? Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Onímọ̀ Ètò Ọrọ̀-Ajé Nínú Ọjà Fóònù

Ní ogúnjọ́ oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà kéde pé wọ́n lè fi kún owó ìpè, owó dátà àti owó àtẹ̀jíṣẹ́, àmọ́ àfikún náà kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ariwo sọ. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC fárígá. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó jẹ́ náírà 4 di náírà 6. Nínú mọ́tò, lórí rédíò, ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta káàdì, ìbéèrè kan náà ló gbẹnu gbogbo ènìyàn: kí ló dé tí wọ́n fi kún un? Ìbéèrè tó yẹ kó tẹ̀ lé e kò fi bẹ́ẹ̀ jáde. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ìdá 50 ló tọ́? Àwọn iléeṣẹ́ náà ti bèèrè ju ìdá 100 lọ. Kí ló dé tí kì í ṣe 20? Kí ló dé tí kì í ṣe 80?

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé irú ìbéèrè yìí ni wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn dáhùn. Onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ni wọ́n, iṣẹ́ wọn sì ni láti wo ọjà tí iléeṣẹ́ díẹ̀ ń tà, kí wọ́n mọ ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ohun tí ìjọba lè ṣe sí i láìba ọjà náà jẹ́. Èrò tèmi nípa iṣẹ́ wọn, kí n tètè sọ ọ́, ni pé owó tí a ń rí lórí fóònù wa kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni owó tí àwọn iléeṣẹ́ ń san fún ara wọn, èyí tí oníbàárà kò rí rárá. Níbi tí àjọ NCC ti gbájú mọ́ owó tó fara sin yìí, ọmọ Nàìjíríà jàǹfààní. Níbi tó ti fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ iye mọ́ ọjà tí a ń rà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ibi tí kò ti kọsẹ̀.

Fún ohun tó tó àádọ́rin ọdún, ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé gbà gbọ́ ni pé fóònù kì í ṣe ohun tí ènìyàn méjì lè jọ máa tà. Bí ẹnì kan bá ti fa wáyà kọjá níwájú ilé yín, kí ni ẹlòmíràn ń wá tí yóò tún fa òmíràn? Ìfowóṣòfò ni. Ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi gbà kí iléeṣẹ́ AT&T gba ọjà náà mọ́wọ́, tí ìjọba sì ń bá a ṣírò iye tó lè jẹ lérè lórí owó tó fi dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1962, Harvey Averch àti Leland Johnson fi ìṣirò hàn pé ètò yẹn ní àbùkù: bí a bá so èrè mọ́ iye ohun èlò tí iléeṣẹ́ rà, yóò máa ra ohun èlò ju bí iṣẹ́ ṣe fẹ́ lọ, oníbàárà ni yóò sì sanwó rẹ̀. Lẹ́yìn ẹjọ́ gígùn, wọ́n pín AT&T ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1984. Ìpè ọ̀nà jíjìn dúró sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìpè abẹ́lé lọ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ méje tuntun.

Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ta BT, iléeṣẹ́ fóònù rẹ̀. Stephen Littlechild ni wọ́n ní kó wá ọ̀nà tí wọn yóò fi máa díwọ̀n owó rẹ̀, ohun tó sì gbé wá rọrùn. Ẹ wo iye tí ọjà gbogbo fi wọ́n sí i lọ́dún, ẹ yọ ìdá kan kúrò nínú rẹ̀, iléeṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi kún owó kọjá ibẹ̀. Ìdá 3 ni wọ́n kọ́kọ́ yọ fún BT. Bí ọjà bá fi ìdá 5 wọ́n sí i, BT kò lè fi ju ìdá 2 lọ kún tirẹ̀. Bí iléeṣẹ́ náà bá wá mọ bí yóò ṣe dín ìnáwó rẹ̀ kù ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló ni èrè rẹ̀. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé gbogbo ènìyàn ló mọ òfin náà ṣáájú, wọ́n sì mọ ìgbà tí wọn yóò tún un yẹ̀ wò. Ní Nàìjíríà, ọdún 2013 ni wọ́n ti ṣe ìwádìí iye owó tó ń náni láti gbé ìpè, orí rẹ̀ ni a sì wà títí di ọdún 2025 kí àfikún tó já lu gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe ní díẹ̀díẹ̀, lábẹ́ òfin tí gbogbo ènìyàn mọ̀, n kò rò pé NLC ì bá ní ohun púpọ̀ láti fà yọ.

NITEL ni tiwa. Ọdún 1985 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí wọ́n da ẹ̀ka fóònù iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ pọ̀ mọ́ iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ìpè òkè òkun. Nígbà tí fóònù alágbèéká fi máa dé, ìlà tí NITEL ní kò tó 500,000 fún orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Ẹni tí fóònù bá wà nílé rẹ̀ nígbà náà, nọ́ńbà rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń fún àwọn ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Òfin ológun nọ́ńbà 75 ti ọdún 1992 ló dá NCC sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ kọjá kí àjọ náà tó rí ọjà gidi kan bójú tó.

Gbàǹjo ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1959, Ronald Coase kọ̀wé pé kí ìjọba Amẹ́ríkà má ṣe fi ojú ọ̀nà orí afẹ́fẹ́ tí rédíò àti fóònù ń gbà ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ mọ́, kí wọ́n lu ú ní gbàǹjo, kí ẹni tó lè lò ó dáadáa jù san iye tó bá tó sí i. Nígbà tó lọ sọ ọ́ níwájú FCC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ rédíò àti fóònù níbẹ̀, wọ́n bi í bóyá àwàdà ló ń ṣe. Ọdún 1994 ni Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ gbàǹjo bẹ́ẹ̀, ìlànà tí Paul Milgrom àti Robert Wilson wà lára àwọn tó gbé e kalẹ̀, ìlànà yìí sì wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2020. Ní ọdún 2000, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pa bílíọ̀nù 22.5 pọ́n-ùn lórí ìwé àṣẹ márùn-ún. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001 ló kan Àbújá. Ernest Ndukwe ni ọ̀gá NCC nígbà náà. Wọ́n ń gbé iye sókè ní ìpele dé ìpele, ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká a mọ́ á kúrò, títí tó fi dúró sórí mílíọ̀nù 285 dọ́là fún ìwé àṣẹ kọ̀ọ̀kan.

Gbogbo ayé ló kí Nàìjíríà fún gbàǹjo yẹn, torí ojútáyé ni wọ́n ti ṣe é. Èmi náà kí wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn onímọ̀ ń tẹ̀ mọ́ wa létí ni pé iye ìwé àṣẹ tí ìjọba tà ṣe pàtàkì ju iye owó tó rí gbà lọ. Nínú àwọn tó jáwé olúborí, MTN àti Econet sanwó. CIL tó wà pẹ̀lú wọn kò rí owó san lásìkò, ìwé àṣẹ náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. NITEL ní tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní M-Tel, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé fún nǹkan bí ọdún méjì, iléeṣẹ́ méjì péré ló ń du ọjà orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ pọ̀ jù ní Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ ni owó wọn sì ṣe rí.

Ẹ jẹ́ ká rántí bó ṣe rí. Síìmù nìkan lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà. Náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan, ẹni tó bá sì fi ìṣẹ́jú-àáyá kan wọ inú ìṣẹ́jú kejì, ti méjì ni yóò san. Abẹ́ agboòrùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pe ìpè nígbà náà. Obìnrin tó ń ta ìpè níbẹ̀ á tẹjú mọ́ aago, bí aago bá ti ku díẹ̀ kó pé ìṣẹ́jú kan, oníbàárà á ti máa sáré sọ̀rọ̀, á já fóònù sílẹ̀ láì tíì dágbére. Wọ́n bẹ àwọn iléeṣẹ́ méjèèjì pé kí wọ́n máa ka owó ní ìṣẹ́jú-àáyá. Wọ́n ní kò tíì ṣeé ṣe. Globacom, tó gba ìwé àṣẹ ní ọdún 2002, wọ ọjà ní oṣù kẹjọ ọdún 2003 pẹ̀lú ìkàwó ìṣẹ́jú-àáyá láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Láìpẹ́, ó ṣeé ṣe fún gbogbo wọn. Owó síìmù já wálẹ̀ títí tí àwọn kan fi ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lójú pópó. Kò sí òfin tó lè ṣe ohun tí ẹnì kẹta yẹn ṣe, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ka ọdún 2003 kún ọdún tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn fóònù wa, ju 2001 tí gbogbo ènìyàn ń sọ lọ.

Ibi tí ọgbọ́n àwọn onímọ̀ ti jinlẹ̀ jù ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀. Ká ní ọmọ kan wà ní Ìbàdàn tó ń lo iléeṣẹ́ kan, tí ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń lo òmíràn. Ọmọ pe ìyá. Ká ní náírà 12 ni wọ́n gé lára owó rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Iléeṣẹ́ ọmọ kò lè gbé ìpè náà dé etí ìyá láìgba orí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ìyá. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ yọ nǹkan nínú náírà 12 yẹn fún èkejì. Iye tí NCC fi sí i ní ọdún 2018 ni náírà 3.90 fún ìṣẹ́jú kan bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ńlá ló gba ìpè wọlé, náírà 4.70 bó bá jẹ́ kékeré tàbí tuntun. Ní òpin ọdún 2009, náírà 8.20 ni.

Oníbodè ni iléeṣẹ́ tó gba ìpè wọlé jẹ́, bíi ti àwọn tó máa ń jókòó sí ẹnubodè ìlú láyé àtijọ́. Bó ti wù kó kéré tó, òun nìkan ló ni ọ̀nà tó lọ sétí oníbàárà rẹ̀. Kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀ pé kó dá iye fúnra rẹ̀, owó tí yóò bù lé e kò ní kéré. Èyí yé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun tí kò tètè yé wọn ni ohun tí Jean-Jacques Laffont, Patrick Rey àti Jean Tirole gbé jáde ní ọdún 1998, èyí tí Mark Armstrong náà kọ̀wé lé lórí ní ọdún yẹn kan náà.

Ó dà bíi pé bí iléeṣẹ́ méjì bá ń gba náírà 8 lọ́wọ́ ara wọn, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀: o fún mi, mo fún ọ, a wà lóókan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ bí ọ̀kan nínú wọn bá dín owó ìpè kù. Àwọn oníbàárà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìpè sí i. Ọ̀pọ̀ ìpè náà á máa wọ ọ̀dọ̀ èkejì. Iye tó ń san jáde á wá ju iye tó ń wọlé fún un lọ, adínwó á wá di ajigbèsè. Nítorí náà, kò sẹ́ni tí yóò fẹ́ kọ́kọ́ dín owó kù. Bí owó ìgbàwọlé bá ṣe ga tó láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù àtidínwó ṣe ń ba àwọn méjèèjì tó, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pe ìpàdé ìkọ̀kọ̀. Àwọn onímọ̀ míì tó wá lẹ́yìn wọn fi hàn pé ọ̀rọ̀ lè yí padà níbi tí oníbàárà bá ń san owó oṣù kan pàtó kó tó pe ìpè kankan. Èyí kò kan Nàìjíríà púpọ̀. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wa ló ń ra káàdì ká tó pè, bí a bá ṣe pè tó la sì ń san. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yẹn ló bá ọjà wa mu, mo sì gbà pé bí NCC ṣe gé owó yìí láti 8.20 wá sí 3.90 ṣe àwa oníbàárà lóore ju gbogbo ìlérí tí wọ́n ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n lọ. Àwọn díẹ̀ ló mọ̀ nípa rẹ̀.

Tirole gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2014 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí agbára ọjà àti bí ìjọba ṣe lè kó o níjàánu. Laffont ti kú ní ọdún 2004. Mo fẹ́ràn Laffont torí pé kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí Yúróòpù. Ìwé tó kọ gbẹ̀yìn, tó jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀, dá lórí àwọn orílẹ̀-èdè tí owó ìjọba kò tó, tí ilé ẹjọ́ wọn ń falẹ̀, tí àjọ alábòójútó wọn sì lè bọ́ sápò ẹni tó yẹ kó máa bójú tó. Ó ní òfin tó dára fún Faransé lè má dára fún irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n mú èyí tí agbára wọn lè gbé. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn wà lórí tábìlì gbogbo ẹni tó ń kọ òfin ní Àbújá.

Àwọn Laffont tún sọ ohun kan tí a fojú ara wa rí. Bí iléeṣẹ́ ńlá bá jẹ́ kí ìpè láti síìmù rẹ̀ sí síìmù rẹ̀ jẹ́ owó pọ́ọ́kú, tó sì jẹ́ kí ìpè sí ti ẹlòmíràn wọ́n gan-an, ìdí á wà tí oníbàárà tuntun á fi tọ̀ ọ́ lọ. Ìyá mi wà níbẹ̀, àbúrò mi wà níbẹ̀, alájọṣe mi wà níbẹ̀, kí ni mo fẹ́ ṣe lọ́dọ̀ ẹni kékeré? Ìyẹn ló mú kí ọmọ Nàìjíríà máa gbé fóònù méjì, kí síìmù mẹ́ta wà nínú báàgì kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, NCC kéde pé ọwọ́ MTN ti le jù nínú ọjà ìpè, wọ́n sì pàṣẹ pé kó fagi lé ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó ìpè sínú ilé rẹ̀ àti owó ìpè sóde. Wọ́n tún sọ pé MTN àti Glo ló jọ di agbára mú nínú ọjà wáyà ńláńlá tí àwọn iléeṣẹ́ ń yá lò lọ́wọ́ ara wọn. Oṣù yẹn kan náà ni ètò tó fi oníbàárà láyè láti gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀.

Ìpinnu tó dára ni, orí ìmọ̀ tó múná ni wọ́n sì gbé e kà. Àbájáde rẹ̀ ńkọ́? Ìpín MTN pọ̀ sí i nígbẹ̀yìn. Nígbà ìpinnu yẹn, ó lé díẹ̀ ní ìdá 40 nínú àwọn tó ń lo fóònù. Lónìí, ó ti ju ìdajì lọ. N kò rò pé ìmọ̀ náà ló kùnà. Ọjà ló kúrò níbi tí òfin dúró sí. Ìpè kọ́ ló ń gbé oníbàárà dání mọ́, dátà ni, ẹni tó bá sì ní ẹ̀rọ tó pọ̀ jù, tó rówó ra dísẹ́ẹ̀lì sí gbogbo òpó rẹ̀, òun ni dátà rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ti àwọn yòókù bá ń yí gbirigbiri lójú fóònù. Ìdajì kejì ìpinnu 2013, èyí tó kan wáyà ńláńlá, ni mo rò pé ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ lé jù.

Lórí ọ̀rọ̀ dátà, NCC ṣàṣìṣe kan tó yẹ kí gbogbo àjọ alábòójútó kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2016, wọ́n fẹ́ kí àwọn iléeṣẹ́ ńlá má ta mẹ́gábáìtì kan kéré sí 0.90 náírà láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá, èyí tó máa mú kí gígábáìtì kan sún mọ́ náírà 920. Wọ́n yọ àwọn kékeré sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń rò kì í ṣe asán: ẹni ńlá lè ta ọjà kéré sí iye tó ná an, kó lè lé ẹni kékeré jáde, kó tó wá gbówó lé e nígbà tó bá ku òun nìkan. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ lò fi ìyà ẹni kan jẹ gbogbo ènìyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ra dátà ọ̀sẹ̀ kan ni yóò san owó ìdíje tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń fura sí ẹnìkan pé ó ń ta ọjà láti fi pa ẹlòmíràn, kó wádìí ẹni yẹn, kó gbé ìwé ìnáwó rẹ̀ yẹ̀ wò, kó dá a lẹ́jọ́. Ilé aṣòfin bínú, àwọn ọ̀dọ́ bínú, NCC sì dá a dúró ní ọjọ́ kan ṣoṣo kó tó bẹ̀rẹ̀.

Orí ìṣirò ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé, ìṣirò náà sì gbọ́dọ̀ pé. Ní ọdún 2024, nígbà tí wọ́n tún iye ìlà tó ń ṣiṣẹ́ kà, iye náà já láti nǹkan bí mílíọ̀nù 219 sí mílíọ̀nù 154, ọ̀pọ̀ nínú ohun tó dín náà sì jẹ́ ti Glo. Ẹ rò ó wò. Ìpín ọjà ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le jù. Bí iye ìlà kò bá tọ́, gbogbo àwòrán ọjà tí wọ́n ti ń wò fún ọdún díẹ̀ kò tọ́. Irú nǹkan báyìí ló ń dùn mí ju àfikún owó lọ.

Ní ti ìnáwó, àwọn iléeṣẹ́ ní àwíjàre, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ẹ̀rọ, náírà ni wọ́n fi ń tà á fún wa, náírà sì ti ṣubú kíkankíkan láti ọdún 2023. Kò sí iná, dísẹ́ẹ̀lì ló ń gbé òpó dúró. Ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀ fún wáyà tún pọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí fọwọ́ sí àṣẹ tó gé owó náà ní ìpínlẹ̀ Èkìtì láti náírà 4,500 wá sí náírà 145 fún mítà kan. Fún ẹni tó fẹ́ kí dátà rọjú, irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ṣàǹfààní ju kí a pàṣẹ fún iléeṣẹ́ pé kó dín owó lọ. Owó tí ìjọba bù lé e ni ó máa ń gbàgbé láti kà nígbà tó bá ń bú oníṣòwò. Ìjọba orílẹ̀-èdè Benin rí i ní ọdún 2018, nígbà tó bu owó orí lé lílo àwọn ìkànnì bíi Facebook àti WhatsApp. Àwọn ènìyàn yarí, kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, wọ́n ti fagi lé e.

Gúúsù Áfíríkà gba ọ̀nà mìíràn tó wù mí. Àjọ tó ń rí sí ìdíje níbẹ̀ jókòó ti ọ̀rọ̀ owó dátà fún ọdún bíi méjì, wọ́n pe gbogbo iléeṣẹ́, wọ́n gbọ́ ẹnu aráàlú, wọ́n sì gbé àbájáde jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2019. Ìwé náà tú u fó pé àwọn tó ń ra dátà kéékèèké, ìyẹn àwọn tálákà, ni wọ́n ń gba owó tó ga jù lọ lórí mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, Vodacom dín gígábáìtì kan kù láti 149 rand sí 99. Gbangba ni wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ka ìṣirò náà lè kà á.

Níbí, ta ni yóò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 fi ọ̀rọ̀ ìdíje nínú fóònù sọ́wọ́ NCC nìkan. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ọdún 2018 wá dá àjọ FCCPC sílẹ̀, ó sì fún un lágbára lórí gbogbo ọjà. Àwọn agbẹjọ́rò ti ń fa ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ra wọn lọ́wọ́. FCCPC ti fi hàn pé eyín wà lẹ́nu òun: mílíọ̀nù 220 dọ́là ló ní kí Meta san ní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ ìdíje sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2025. NCC ló ní ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìwé àkọsílẹ̀ ọjà. Bí àwọn méjèèjì kò bá fi ìmọ̀ wọn ṣe ọ̀kan, iléeṣẹ́ ńlá ni yóò máa sá láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan lọ bá èkejì.

Ohun kan tún wà tí a kì í sábà sọ. Àwọn onímọ̀ yìí kò pọ̀, iléeṣẹ́ ló sì lówó láti gbà wọ́n síṣẹ́. Bí NCC bá pe ìpàdé lórí owó ìgbàwọlé, iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á mú ìwé ìṣirò tirẹ̀ wá, ìwé tó nípọn, tí ẹni tó kàwé dáadáa kọ. Aráàlú á mú ẹ̀dùn ọkàn wá. Ẹ̀dùn ọkàn kì í borí ìṣirò níwájú àwọn tó ń ṣe ìpinnu. Mo fẹ́ kí àwọn ẹ̀ka ètò ọrọ̀-ajé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní Èkó, sọ ẹ̀kọ́ yìí di iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi gba oyè, kí NLC àti ẹgbẹ́ àwọn oníbàárà sì lè rí ẹni tó mọ̀ ọ́n pè nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé.

Ọ̀rọ̀ tuntun ti wà nílẹ̀ tí wọ́n á nílò irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, MTN àti Airtel kéde pé àwọn yóò máa jọ lo ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ara wọn ní Nàìjíríà àti Uganda. Ní ìletò tí òpó kan kò tíì sí, ire ni, torí ìnáwó á dín, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á sì tètè dé. Ní Ìkẹjà tàbí ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn du oníbàárà láti ọdún pípẹ́, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀, torí àwọn méjèèjì ló di èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà mú. Ẹni tó ń wo ìwé ìnáwó kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń bá díje kò ní pẹ́ mọ iye tí ẹni yẹn fẹ́ tà á. Ó yẹ kí NCC jẹ́ kí a mọ ibi tí wọn yóò ti jọ lo ẹ̀rọ àti ibi tí wọn kò ní ṣe é, ìsọfúnni tí wọ́n lè fún ara wọn àti èyí tí wọn kò gbọ́dọ̀ fún ara wọn, àti iye tí Glo àti iléeṣẹ́ T2 yóò máa san bí àwọn náà bá fẹ́ gba orí ẹ̀rọ náà kọjá.